Ìwúyè Dùùrù Abóòtù-níkùn ní Ìsọlọ̀

Àgò onílé o! Àgò ẹ̀yin olówó ilé-iṣẹ́, àgò ẹ̀yin ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì tí ẹ ń ṣọ́ gbọ̀ngàn tí wọ́n ti kó ẹ̀rọ inú rẹ̀ tà. Ẹ̀yin onítírélà Apápá, ẹ fún wa láyè díẹ̀. Ẹ̀yin kọ̀ńdọ́, ẹ gbé "Ìyànà Ìsọlọ̀ wọlé" yẹn sílẹ̀ ná. Àlejò ńlá ló dé bá wa lónìí, dùùrù tí wọ́n há súkúrù àti bóòtù sáàárín okùn inú rẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè yí; oyè la fẹ́ fi jẹ, èmi ni wọ́n sì ní kí n kì í.

Dùùrù Abóòtù-níkùn, kú àbọ̀!
Eléyín 88, kò sí èyí tó ké bí wọ́n ṣe bí i.
Ó jẹ súkúrù yó, ó fi nọ́ọ̀tì panu,
Ó gbé wọ́ṣà mì, kò bu omi lé e.
Ọkọ ìṣó, àna rọ́bà,
Àgbà tí inú ń run, tí wọ́n ní orin ló ń kọ.
A fi owó ilé rà á, a fi irin ilẹ̀ bà á jẹ́,
Àwọn ọlọ́gbọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ẹ tún bà á jẹ́ sí i.
Bí ọmọ mẹkáníìkì bá da nọ́ọ̀tì sínú ẹ́ńjìnnì, ìgbájú ni;
Bí ọ̀gá rẹ bá da nọ́ọ̀tì sínú dùùrù, àmì-ẹ̀yẹ ni.
Orí tó yan irú èyí fún ọ, kó jọ̀ọ́ wá yan tèmi.

Àwọn kan ti ń kùn pé kí ló dé tí a ò gbé ìwúyè yìí lọ sí Oníkàn, sí gbọ̀ngàn MUSON, níbi tí amúlétutù ti ń fẹ́ yẹ́ẹ́, tí àwọn èèyàn sì mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n pàtẹ́wọ́ àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n wúkọ́. Mo ní kò ṣeé ṣe. Ibi tí mọ̀lẹ́bí ẹni bá pọ̀ sí la ti ń jẹ oyè. Ta ni mọ̀lẹ́bí bóòtù ní Oníkàn? Ní Ìsọlọ̀ níbí, ní àgbègbè ilé-iṣẹ́ tó wà lẹ́bàá òpópónà Òṣòdì sí Apápá, bí ẹ bá fẹsẹ̀ wọ́ erùpẹ̀ lásán, ẹ ó rí nǹkan tí ẹ lè fi bọ́ àlejò wa. Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀, kò jìnnà lápá Muṣin. Kò sí irú súkúrù tí ẹ fẹ́ tí wọn ò ní kó síta fún yín níbẹ̀, tuntun àti tòkúnbọ̀, ti Jámánì àti ti Ṣáínà, àti èyí tí wọ́n bá fi Ọlọ́run búra pé ti Jámánì ni.

Ariwo ńkọ́? Ìsọlọ̀ ti gbọ́ ariwo kọjá ohun tí àlejò lè fi dẹ́rù bà á. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ aṣọ Aswani àti Afprint ṣì ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń hun, tí wọ́n ń tẹ aṣọ, ẹ̀rọ ìhunṣọ kì í sinmi sísọ; ẹni tó bá wà nídìí rẹ̀, ọwọ́ ló fi ń bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀. Àwọn ẹ̀rọ náà ti dákẹ́. Orúkọ Aswani ti di orúkọ ọjà, ọjọ́ Túsìdeè ni wọ́n ń ná an, òkíríkà tó ti òkè òkun wá sì kún ilẹ̀ bámú bámú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń hun tiwa tẹ́lẹ̀. Ẹ rántí aṣọ yìí, nítorí ọ̀rọ̀ dùùrù náà kò jìnnà sí i.

A kì í fi ẹni tí a ò mọ ìdílé rẹ̀ jẹ oyè. Bàbá àgbà àlejò wa ni Henry Cowell, ará California. Ọkùnrin yìí wo dùùrù títí, eyín rẹ̀ kò tó o, ó bá ti ọwọ́ bọ inú ikùn. Ní 1925, ó kọ orin kan tó pè ní The Banshee. Ẹnì kan á jókòó síwájú dùùrù, á kàn tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀ ni, kò ní fọwọ́ kan eyín kankan; ẹnìkejì á dúró níbi tí ikùn dùùrù ti ṣí, á máa fi ọmọ ìka àti èékánná ha okùn irin. Ohùn iwin tó ń sunkún ló ń jáde, ìdí nìyẹn tó fi sọ orin náà ní orúkọ iwin.

Bàbá rẹ̀ gan-an ni John Cage, tí wọ́n bí ní Los Angeles ní 1912, tó kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ Cowell. Ẹni tó bí Cage fúnra rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa hùmọ̀ ẹ̀rọ tuntun. Ẹ ò rí i pé nǹkan ìdílé ni.

Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ibí ni àwọn apìtàn ti máa ń wúkọ́.

Syvilla Fort ni ìyá rẹ̀. Ọmọ dúdú ni, Seattle ni wọ́n bí i sí ní 1917. Nígbà tó wà lọ́mọdé, àwọn ilé ẹ̀kọ́ ijó báálè kò gbà á nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Cornish School ló padà gbà á wọlé. Ibẹ̀ náà ni Cage wá ń ṣiṣẹ́ sí nígbà tó yá, ó ń tẹ dùùrù fún àwọn oníjó, ó sì kó ẹgbẹ́ onílù jọ, ẹgbẹ́ tó ń lu ìlù, agogo, àti dúrọ́ọ̀mù bíréèkì ọkọ̀, irú èyí tí wọ́n tò jọ gègèrè ní Ládípọ̀. Syvilla fẹ́ jó ijó kan tí wọ́n ń pè ní Bacchanale, ó sì fẹ́ kí Áfíríkà wà nínú rẹ̀. Ó bẹ Cage pé kó bá òun kọ orin sí i. Ọjọ́ tó kù kò tó nǹkan. Ìlù ló tọ́ sí irú ijó bẹ́ẹ̀, Cage pàápàá mọ̀, àwọn onílù rẹ̀ sì wà nílé. Ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn tí wọ́n fẹ́ jó o sí há. Kò sí ibi tí wọn ó to ìlù sí. Dùùrù ńlá kan ṣoṣo ló ráyè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle.

Ẹ fetí sí ohun tí ọlọ́gbọ́n ṣe. Ó jókòó ti ìlànà olóhùn 12 tí òkìkí rẹ̀ kàn nípasẹ̀ Arnold Schoenberg, ẹni tí òun náà ti jókòó lẹ́sẹ̀ rẹ̀ rí, ó ń wá bí òun ó ṣe to àwọn ohùn 12 náà tí wọn ó fi dún bíi ti Áfíríkà. Ó tò ó síwájú, ó tò ó sẹ́yìn, Áfíríkà kọ̀, kò jáde. Ẹlòmíràn ì bá ní kí wọ́n bá òun pe onílù kan wá kí wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà. Cage ronú jinlẹ̀, ó wá dá ẹjọ́: òun kọ́ ló jẹ̀bi, dùùrù ló jẹ̀bi. Ó wọ ilé ìdáná, ó mú àwo tí wọ́n fi ń yan páì, ó gbé e lé okùn dùùrù. Ohùn yí. Inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n bó ti ń tẹ̀ ẹ́ ni àwo ń fò kiri. Ó mú ìṣó, ìṣó yọ̀ bọ́ sísàlẹ̀. Ó wá fi súkúrù há àárín okùn méjì. Ojú ìdè ara súkúrù gbá okùn mú, kò lọ mọ́.

Ìlù ò ráyè wọlé, dùùrù bọ́ sórí àga ìlù.
Ó gba àga ìlù, ó gba iṣẹ́ ìlù,
Ó gbowó orí ìlù, kò kí ìlù kú ilé.
Ọmọ dúdú ló fẹ́ jó, ọkùnrin funfun ló gba orúkọ.
Syvilla jó tán, ó nu òógùn ojú,
John gbé súkúrù rẹ̀ wọ ìwé ìtàn.
Abóòtù-níkùn, ọmọ ìyá tí wọn kì í dárúkọ rẹ̀!
Ọjọ́ ìbí rẹ pàápàá ń jà:
Bàbá rẹ kọ 1938 sílẹ̀, àwọn olùwádìí yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní 1940 ni.
Má mikàn, ọ̀pọ̀ olóyè wa ló ní ọjọ́ ìbí méjì,
Ọ̀kan ti ilé, ọ̀kan ti ibi iṣẹ́ ìjọba.
Wáá jókòó, ara wa ni ọ́.

Kí n má parọ́ mọ́ Cage: òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ ìtàn yìí, ó sì máa ń dárúkọ Syvilla. Àwọn tó gba ìtàn náà kárí ayé ló ń gé e kúrú. Fort lọ bá ẹgbẹ́ oníjó Katherine Dunham, ó di olùkọ́ ijó ní New York, Marlon Brando àti Eartha Kitt wà lára àwọn tó kọ́, ó sì kú ní 1975. Kò sẹ́ni tó ní ká fi í jẹ oyè.

Ẹ wá gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àlejò wa, nítorí akígbe tí kò mọ ohun tí ẹni tó ń kì ṣe, owó ló ń wá. Inú dùùrù ńlá, okùn irin bíi 230 ló wà níbẹ̀. Wọ́n fà wọ́n le débi pé ipá gbogbo wọn pa pọ̀ tó tọ́ọ̀nù 18 sí 20. Férémù irin ló gbà á mọ́ra tí igi kò fi fọ́. Ohùn ìsàlẹ̀ pátápátá ní okùn ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àwọn tó tẹ̀ lé e ní méjì méjì, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn yòókù sì ní mẹ́ta mẹ́ta. Bí o bá tẹ eyín kan, òòlù kékeré tí wọ́n fi irun àgùntàn kíkì bò lórí á fò sókè, á lu okùn, á padà sẹ́yìn. Tó bá wá jẹ́ pé súkúrù ti há sáàárín okùn, okùn kò ní lè gbọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin mọ́. Gbígbọ̀n rẹ̀ á gé sí méjì, ìró agogo á yọ, tàbí ìró ìkòkò, tàbí ti irin tí wọ́n fi irin lù, ibi tí súkúrù dúró sí ló ń pinnu. Bí nọ́ọ̀tì tí wọn kò dè bá wà lára bóòtù, á máa jó níbẹ̀, á máa ṣe ṣìnkìn-ṣìnkìn lẹ́yìn ohùn. Bí rọ́bà ló bá há síbẹ̀, ohùn á kú, á ku kìì lásán. Pẹ́dà apá òsì sì tún wà: bí a bá tẹ̀ ẹ́, gbogbo òòlù á sún díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn kò ní lu okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́. Nítorí náà eyín kan ṣoṣo lè ní ohùn méjì tí kò jọ ara wọn rárá.

Láàárín 1946 sí 1948, Cage kọ Sonatas and Interludes, orin kéékèèké 20. Ohùn 45 ni wọ́n gbọ́dọ̀ há nǹkan sí nínú dùùrù kí orin náà tó ṣeé tẹ̀. Àtẹ kan wà níwájú ìwé rẹ̀ tó ń sọ irú súkúrù, irú rọ́bà, okùn wo sí okùn wo, àti iye íǹṣì. Wákàtí 2 sí 3 ni ìmúrasílẹ̀ ń gbà. Ní oṣù kìíní ọdún 1949, obìnrin kan, Maro Ajemian, tẹ̀ ẹ́ ní Carnegie Hall ní New York. Lọ́dún yẹn kan náà, Guggenheim Foundation fún Cage lówó ìrànwọ́.

Ní Ládípọ̀ ńkọ́? Ọ̀gá mẹkáníìkì kan á gbé etí lé bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́, á di ojú rẹ̀, á ní nọ́ọ̀tì kẹta lápá ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ olómi ni kò dè. Wọn á tú u, bẹ́ẹ̀ náà ni. Mi ò tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni fún un lówó ìrànwọ́ lórí etí náà. Ẹni tó fi nọ́ọ̀tì sí i ni wọ́n ń wá. Ẹni tó yọ ọ́ kúrò, kó gba owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kó máa lọ.

Ohun tó mú mi gba ti àlejò wa jù lọ ni pé òun ló kọ́kọ́ dá a. Kó tó di 1940, kò tíì sí ẹ̀dá kan láyé tó ronú pé èèyàn lè lẹ nǹkan mọ́ ohun-èlò orin kí ohùn rẹ̀ lè yí. Ẹ bá mi gbà bẹ́ẹ̀, kí ìwúyè má bàa dàrú. Ẹ gbójú kúrò lára gúdúgúdú. Nǹkan dúdú tí ẹ ń wò lójú rẹ̀ yẹn, ìda ni wọ́n ń pè é. Onílù á lẹ̀ ẹ́ mọ́ awọ, á fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, á bù kún un, á yọ díẹ̀ kúrò, á lù ú wò, títí ohùn á fi rí bó ṣe ń fẹ́ ẹ. Kò kọ íǹṣì rẹ̀ sílẹ̀, a ò lè kà á sí. Ẹ gbójú kúrò lára ìyáàlù dùndún. Ṣaworo tó yí ojú rẹ̀ ká yẹn, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Ẹni tó bá ní nítorí kí ìró idẹ lè máa tẹ̀ lé ìró awọ ni wọ́n ṣe so ó mọ́ ọn, ẹ ní kó gbé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wá. Ìlẹ̀kẹ̀ ara ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ó ṣèèṣì lọ́ mọ́ akèrègbè ni.

Agídìgbo ló fẹ́ dójú tì mí. Àpótí pákó ni, wọ́n to irin pẹlẹbẹ sí i lójú, ẹlòmíràn gé irin náà lára ayùn tó ti kú, wọ́n dá ihò sí i níkùn, wọ́n gbé e sórí itan, wọ́n ń fi ìka ta á. Ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí olórin J. O. Araba ń darí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Èkó, Fatai Rolling Dollar wà nínú wọn, agídìgbo sì wà nínú orin wọn. Igi, irin, àti ohun tí ẹlòmíràn ti sọ nù: ẹ wò ó, ó jọ àlejò wa ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ fi aṣọ bò ó títí a ó fi parí.

Àyàn, ẹ má bínú, ẹ lọ jókòó lẹ́yìn.
Ẹ ti pẹ́ jù nídìí ọgbọ́n yín, ó ti di àṣà;
Ohun tó bá ti di àṣà, ẹ̀bùn kì í tọ́ sí i.
Tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n dá yín mọ̀,
Ẹ gbàgbé bí ẹ ṣe ń ṣe é fún ọgọ́rùn-ún ọdún,
Kí ẹ wá ṣèèṣì rí i ní Seattle.
Abóòtù-níkùn, aṣẹ̀ṣẹ̀dé tó di àgbà ilé,
Aríhò-ògiri-há-sí, o bá ilé pé, o ní ìwọ lo kọ́ ọ!

Àwọn àbúrò rẹ̀ ló tẹ̀ lé e wá síbi ìwúyè, mo sì gbọ́dọ̀ kí wọn kí wọ́n má bàa fìbínú lọ. Ní 1960, La Monte Young kọ iṣẹ́ kan fún atẹdùùrù kan, David Tudor: kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbé ìdì koríko gbígbẹ àti garawa omi kan wá sórí pèpéle, kí dùùrù lè jẹ kó sì mu. Ó lè fi oúnjẹ náà bọ́ ọ fúnra rẹ̀, ó sì lè fi í sílẹ̀ kí ó máa dá jẹun. Ẹ ṣe sùúrù, mi ò fi ohunkóhun kún un. Ní 1962, ní Wiesbaden ní Jámánì, àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́-ọnà Fluxus fi ayùn àti òòlù tú dùùrù kan palẹ̀ lórúkọ iṣẹ́ Philip Corner, ẹni tí kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Ní 1968, Annea Lockwood dáná sun òmíràn ní London, ó ń gbọ́ bí okùn ṣe ń já. Dùùrù tó ti kú tán ló lò ó, ìyẹn ló jẹ́ kí n dárí jì í.

Ẹnì kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ lé kúrò níbi ìwúyè yìí. Akin Euba ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Èkó, 1935 sí 2020. Ẹ̀ṣẹ̀ ọkùnrin yìí pọ̀. Wọ́n fún un ní dùùrù tó mọ́ tónítóní, kò fi ìṣó kan ṣoṣo há a. Ó kàn jókòó síwájú rẹ̀, ó kọ orin tí ọwọ́ méjèèjì atẹdùùrù fi ń ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́ onílù, ó sì ní African pianism ni òun ń pe ọ̀nà náà. Ní 1964 ó kọ Saturday Night at the Caban Bamboo, ó fi ilé fàájì Bobby Benson ní Èkó sọ ọ́ lórúkọ. Ní 1970 ó kọ Scenes from Traditional Life. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún lọ jókòó ti àwọn onídùndún, ó bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó kọ odindi ìwé lé e lórí, ìwé náà sì jáde ní 1990. Ẹ gbọ́ o: ó fẹ́ kí dùùrù dún bí ìlù, ó wá lọ bá onílù! Irú èyí kò bójú mu láàárín ọlọ́gbọ́n. Ibi tí ọ̀nà bá tọ́ tó báyìí, níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí ìtàn sọ?

Akin, ọmọ Euba, o jẹ̀bi.
O kò ba nǹkan jẹ́, báwo la ṣe fẹ́ rí ọ?
O fi dùùrù ṣe ìlù, o tún lọ bi onílù léèrè,
O kò dúró kí ọgbọ́n ṣèèṣì já lé ọ lórí.
Dùùrù rẹ wọ ilé mọ́, ó jáde mọ́,
Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo kò bọ́ nínú rẹ̀.
Kúrò lọ́dọ̀ wa, lọ bá àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́.

Ká wá padà sí Ìsọlọ̀, nítorí ibí ni mo fẹ́ kí Abóòtù-níkùn ti pàdé ìbejì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn ilé-iṣẹ́ tó kógbá sílé ní Èkó ló ti di ilé ìjọsìn. Ẹ wọ inú irú rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé tí kò sí ìsìn. Ní igun kan lẹ́yìn pèpéle, ẹ ó rí nǹkan onígi ràgàjì kan tí wọ́n fi léèsì bò, tí wọ́n gbé òdòdó ọ̀rá lé lórí. Dùùrù ni. Ẹnì kan nínú ìjọ ló fi ránṣẹ́ láti London nígbà tí owó wà. Ọ̀rinrin Èkó ti wọ igi rẹ̀, igi wú, eyín há. Okùn ti dípẹtà. Eku ti bá wọn jẹ irun àgùntàn orí òòlù, ó sì fi èyí tó kù tẹ́ ilé fún àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn ọmọdé ti sọ bírò, kọ́ìnì àti ìdérí ìgò mínírà sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣí i, ẹ tẹ̀ ẹ́: eyín kan á ké bí ó ṣe yẹ, èkejì á ṣe kìì, ẹ̀kẹta á ṣe ṣìnkìn, ẹ̀kẹrin kò ní gòkè padà.

Cage há ohùn 45. Tiwa ti kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Cage lo súkúrù tó yàn. Èkó ò yan nǹkan kan, ohun tó bá ti wà lọ́wọ́ ló jù sí i. Tí ẹ bá gbé e lọ sí New York bó ṣe wà yẹn, kí ẹ kọ orúkọ gígùn kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn èèyàn á yí i ká, wọn á fi ọwọ́ sí àgbọ̀n. Níbí, pásítọ̀ ti ń wá ẹni tó máa bá òun gbé e dànù kí àga lè ráyè. Kíbọ́ọ̀dù ni wọ́n ń lò báyìí, ó ní bọ́tìnnì kan tí wọ́n bá tẹ̀ tó ń dún bí ìlù, òmíràn tó ń dún bí agogo. Àwọn ọmọ tó mọ gángan lù dáadáa jókòó sí ìlà kẹta lẹ́yìn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí ìlù inú bọ́tìnnì. Àwọn míṣọ́nnárì ayé àtijọ́ ló kọ́kọ́ ní kí ìlù wa dúró síta. Wọ́n ti lọ, wọ́n ti kú, ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ òkèèrè tó rán wọn gan-an ti yí ọkàn padà. Àwa ṣì ń bá wọn di ẹnu ọ̀nà mú.

Ó tún ku iṣẹ́ Cage kan tí mo gbìyànjú láti fi yẹ́ ìwúyè yìí sí, kò ṣeé ṣe. 1952 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, ní Woodstock, David Tudor ló jókòó sídìí dùùrù. Ó pa ìdérí rẹ̀ dé, kò tẹ eyín kankan fún ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú àáyá 33, kí àwọn tó wà níbẹ̀ lè gbọ́ ohun tó ń dún láyìíká wọn. Wọ́n ní ohun tí Cage fẹ́ kí ayé mọ̀ ni pé ìdákẹ́rọ́rọ́ kò sí. Mo sọ èyí fún ọ̀gá kan tó ń rọ táyà nítòsí Iláṣamájà. Jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń sọ, kọ́mpúrẹ́sọ̀ ń sọ, tírélà kan ń fọn fèrè sí òmíràn nídìí. Ó ní kí n tún un sọ, òun ò gbọ́.

Níbi tí mo dé yìí, yẹ̀yẹ́ fẹ́ rọ̀ lẹ́nu mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde. Mo ti gbọ́ Sonatas and Interludes náà. Ó dùn. Ó dùn ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Ó rọra ń rìn, agogo kékeré níhìn-ín, ìlù amọ̀ lọ́hùn-ún, ọwọ́ ènìyàn kan ṣoṣo ló wà nídìí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohùn, a ò sì gbọ́ ìgbà tí dùùrù ń tọrọ àforíjì. Ẹni tó bá ní ìranù ni, kò gbọ́ ọ tán. Orin náà kò jẹ mí ní gbèsè. Ohun tí mo ń bá wí ni orúkọ tí wọ́n fi sí i lọ́rùn, pé olùdásílẹ̀, pé aṣíwájú, pé ìgbà àkọ́kọ́. Mo sì ń bá àwa náà wí, àwa tí à ń dúró kí Seattle dá ìda lójú gúdúgúdú mọ̀ kí a tó gbà pé ọgbọ́n ni, bí a ti dúró títí ilé-iṣẹ́ aṣọ fi kú tán, tí a wá ń ra òkíríkà lẹ́bàá ìloro rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ oyè ti jókòó. Èmi nìkan ni ìgbìmọ̀, ìjíròrò kò sì pẹ́. Oyè tí a pète ni Ọ̀túnba Aláriwo ti Ìsọlọ̀. A kò fi í jẹ ẹ́ mọ́. Ní Ládípọ̀, ọmọ iṣẹ́ kì í di ọ̀gá lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ tú bóòtù. Á sin ọ̀gá rẹ̀ pé iye ọdún tí wọ́n dá, á ra ohun mímu, á kúnlẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, wọn á gbàdúrà sí i lórí, kó tó gba frìdọ́ọ̀mù. Abóòtù-níkùn kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ìlù, ó sì fò ní fèrèsé jáde.

Abóòtù-níkùn, dìde, gbọ́ ẹjọ́ rẹ.
Ra obì, ra orógbó, ra ọtí,
Lọ sí agboolé Àyàn èyíkéyìí tó bá sún mọ́ ọ.
Má bá wọn sọ ti Carnegie, má mú àtẹ íǹṣì dání.
Dárúkọ ìyá rẹ kó ròkè: Syvilla, ọmọ Fort!
Kí gúdúgúdú tó fún ọ láyè, dúró lórí ìkúnlẹ̀.
Bí wọ́n bá ní kí o jókòó ti omele fún ọdún mẹ́ta, jókòó.
Frìdọ́ọ̀mù rẹ ń bọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì dé.
Ọmọ iṣẹ́ ni ọ́, o mọ iṣẹ́, o kò tíì gba ìwé.

Ẹ̀yin pásítọ̀ tí dùùrù onílèésì wà ní igun ilé ìjọsìn yín, ẹ má tíì gbé e dànù. Ẹ ká léèsì náà kúrò, ẹ lé eku jáde, kí ẹ pe àwọn ọmọ onígángan yẹn wá síwájú láti ìlà kẹta, kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ sídìí rẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé kan, kí ẹ lọ jẹun. Ẹ̀yin tí ẹ sì ti ra aṣọ ẹbí ìwúyè, owó yín kò ní padà. Ẹ wọ̀ ọ́ lọ sí Aswani lọ́jọ́ Túsìdeè.